Kòkó, Kókó

Imú ni bàbá mi fi ń mọ kòkó.
Ayẹ-kòkó-wò ni nígbà ayé iṣẹ́ ìjọba,
ní Oǹdó, lápá Odòjọ̀mù.
Wọn á gbé àpò síwájú rẹ̀,
á kiwọ́ bọ̀ ọ́, á fa ẹ̀kúnwọ́ kan yọ,
á fọ̀bẹ la méjì-mẹ́ta, á gbóòórùn.
"Èyí gbóná dáadáa.
Ìyẹn kò lo ọjọ́ mẹ́fà pé lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀."
Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ra, tó di ìṣùpọ̀,
á jù ú sẹ́yìn láìwẹ̀yìn wò.
"Kòkó tó bá ti di kókó, kì í ṣe kòkó mọ́."

Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn
kí n tó wá sí Àkúrẹ́ wá máa sin ìwúkàrà
bí ẹni ń sin adìẹ.
Ìwúkàrà náà ni: èyí tí í mú búrẹ́dì sanra,
tí í hó lórí ẹmu àárọ̀,
òun kan náà ló ń mú òkìtì kòkó gbóná lábẹ́ ewé.
Mo fi jíìnì kan láti inú ọpọlọ ènìyàn sí i nínú,
mo ní kó bá mi gbé e wò.

Kíká ni sẹ́ẹ̀lì ń ká purotéènì,
bí ìyá tí ń ká aṣọ sápótí.
Èyí tí wọ́n bá ṣì ká
á máa wá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣì ká,
wọn á wé mọ́ra, wọn á dì.
Nínú awò, ó kọ́kọ́ ń tàn yíká etí sẹ́ẹ̀lì bí ewé tuntun.
Mo fi ìlọ́po kan kún un.
Àmì tó-tò-tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan, mẹ́ta, méje.
Kókó.

Irú ìwúkàrà tó wà nínú fíríìsà wa lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ti pàdánù jíìnì kan.
Èmi àti Moróyèkẹ́ ń kán wọn sórí ágà, ìlà lẹ́yìn ìlà,
à ń bi wọ́n pé: ta ni nínú yín
ló lè ru ẹrù yìí kó má kú?

Ọjọ́ Túsìdeé, Nẹ́pà mú iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ tán.
A gbé àwo mọ́kàndínlógún gun ọ̀kadà,
ó di Ìjàpọ̀, nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní sólà.
Ọlọ́kadà ní, "Ṣé àkàrà ni?"
Moróyèkẹ́ ní, "Èyí tí í wú u ni."

Ìlà kẹfà, ojú kẹta:
ó funfun títí dé ìpẹ̀kun. Ó yè.
N kò pariwo.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pariwo rí, tó jẹ́ pé àwo ló dọ̀tí.

Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan tí n kò wá.
Bí ìwúkàrà bá fẹ́ bímọ,
ọmọ á rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Ìyá á kó gbogbo kókó náà mọ́ra,
á dì wọ́n mú sọ́dọ̀ ara rẹ̀,
ọmọ á já lọ ní mímọ́.
Ìyá á kù síbẹ̀, á máa gbó.

Mo gbójú kúrò lórí awò.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni bàbá mi fi ń ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò
nígbàkígbà tí mo bá ti wọlé.
Ọwọ́ òsì ló fi ń gba omi lọ́wọ́ mi,
ọkùnrin tó nà mí rí nítorí ọwọ́ òsì.

Sátidé, mo lọ sí Oǹdó, mo ròyìn ìlà kẹfà fún un.
"Oògùn ni?"
Mo ní rárá o, bàbá. Ìwúkàrà ṣì ni. Ènìyàn yàtọ̀.
Ó mi orí.
"Ọjọ́ kìn-ín-ní lábẹ́ ewé nìyẹn."

Ó wá fa ọwọ́ ọ̀tún yọ,
ó gbé e ka orí tábìlì,
ife tíì ń dún wọnwọn lórí àwo rẹ̀.
"Wò ó dáadáa," ó ní, "ìwọ ayẹǹkanwò."
Mo wò ó.
Mo gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
mo sì ń wo méjèèjì.